Cicely Saunders: Obìnrin tó kọ́ àwọn dókítà ní iṣẹ́ tó kù nígbà tí ìwòsàn kò sí mọ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa ọmọ ìgbà yìí ti sọ òwe náà di àwáwí. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn ńlá UCH tó wà ní Oríta Mẹ́fà, n'Ìbàdàn, dáadáa, yóò ti rí irú nǹkan tí à ń wí yìí rí. Ẹbí kan yóò gbé ìyá wọn jáde láti inú wọ́ọ̀dù, wọn yóò rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé àrùn jẹjẹrẹ tó ń bá a fínra ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ràn. Wọn yóò gba Mọ́kọ́lá kọjá sí Dùgbẹ̀, wọn yóò ti Dùgbẹ̀ bọ́ sí Ring Road, títí wọn yóò fi dé ilé wọn ní Challenge. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ náà bá bọ́ sí lójú ọ̀nà ni ìyá náà yóò ké sí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ikú ló ń mú un ké lọ́jọ́ náà. Ìrora ni. Ikú kò ṣeé wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora ṣeé wò.

Ọkàn dókítà kékeré tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gbé ìyá náà lọ kò balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí. Wọn kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí bí ìyá náà bá dì í lọ́wọ́ mú, tó sì bi í bóyá òun yóò rí ọdún Kérésìmesì. Nítorí náà, ńṣe ló yára kọjá sí ibùsùn kejì. Kì í ṣe pé ó ya ìkà. Ohun tí wọn kò bá kọ́ ènìyàn, ó ṣòro kó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí káàkiri ayé, títí di ìgbà tí obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cicely Saunders, fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni iṣẹ́ dókítà nígbà tí ìwòsàn kò bá sí mọ́? Obìnrin náà kì í ṣe ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ àti ti Ìbàdàn ń pàdé ara wọn lọ́nà tó ya ni lẹ́nu. Ọdún 1948 tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ni ọkùnrin tó rán an níṣẹ́ ayé rẹ̀ kú. Ọdún 1957 tí wọ́n ṣí UCH ni òun náà di dókítà. Ọdún 2005 tí òun fúnra rẹ̀ sì papò dà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ kalẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1918 ni wọ́n bí Cicely Mary Strode Saunders ní Barnet, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀, owó sì ń wọlé fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ọlá ni ilé ayọ̀. Àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gún, wọ́n sì padà pínyà. Wọ́n fi ọmọ náà sí ilé ẹ̀kọ́ Roedean, níbi tí àwọn ọmọbìnrin olówó ti ń kàwé. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú máa ń tì í, kò sì ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó wà láàárín èrò tí ẹnikẹ́ni kò sì dá sí i. Ẹ̀kọ́ kíkorò ni, ṣùgbọ́n ó wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la.

Ní 1938, ó wọ Yunifásítì Oxford láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣèlú àti ètò ọrọ̀ ajé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti máa jókòó ti ìwé nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wọlé. Ní 1940, ó fi Oxford sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale tó wà ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó mọ ìtàn UCH kò ní ṣàì mọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ibẹ̀ kan náà ni Kofoworola Abeni Pratt wọ̀ ní 1946, ìyẹn obìnrin tó padà wá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ Cicely lára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà rí i pé ó ti rí àyè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò tọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, gbígbé àwọn aláìsàn dìde àti títẹ́ wọn sílẹ̀ sì mú kí ó burú sí i. Nígbà tó fi máa gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1944, àwọn dókítà ti sọ fún un pé kò lè máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ó padà sí Oxford, ó parí ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀, ó sì kọ́ṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó, ilé àti ìdílé àwọn aláìsàn. Ní 1947, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní St Thomas' tó ti ṣe nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti pàdé David Tasma. Júù ni ọkùnrin náà, ọmọ ìlú Warsaw ní Pólàńdì, tó sá àsálà dé Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ gbóúnjẹ-gbáwo ló ń ṣe ní ilé oúnjẹ. Ẹni bí ogójì ọdún ni, jẹjẹrẹ tó ń ṣe é ti kọjá ohun tí wọ́n lè wò, kò sì ní ẹbí kankan nítòsí. Ó máa ń dùn ún pé òun fẹ́ẹ́ kú láìṣe ohun kan tí wọ́n fi lè mọ̀ pé òun wá sáyé. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, Cicely ń lọ kí i níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù náà kún, ariwo pọ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kò sì ráyè. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí irú ibi tí ó yẹ kí ẹni bíi tirẹ̀ wà: ibi tí wọn yóò ti mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí ìrora, tí àyè yóò sì wà fún ènìyàn láti jẹ́ ara rẹ̀ títí dé òpin.

Ní ọjọ́ kan, Tasma bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún òun. Cicely, tó ti di onígbàgbọ́ gidi ní ọdún mélòó kan ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù tó mọ̀ sórí. Ọkùnrin náà jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ àti nínú ọkàn rẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 1948, ó kú. Ó fi £500 sílẹ̀ fún Cicely, ó ní kí owó náà jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tí yóò kọ́ lọ́jọ́ iwájú. Bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ilé, kò sí ilẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́. Fèrèsé ló kọ́kọ́ wà, ọdún 19 lẹ́yìn náà ni ògiri tó dé.

Kó má bàa dà bí ẹni tó ń fi ìmọ̀lára lásán ṣiṣẹ́, Cicely lọ ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní St Luke's, ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọjọ́ wọn kò pọ̀ mọ́. Ohun kan tó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, aláìsàn ní láti jẹ ìrora títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún un ní mọfíìnì. Ní St Luke's, àwọn nọ́ọ̀sì ń fún wọn ní tiwọn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìrora tó padà dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì hàn lójú aláìsàn. Nígbà tó sọ fún oníṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Norman Barrett, pé òun fẹ́ padà máa tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ ìṣègùn. Ó ní àwọn dókítà ló ń pa àwọn tó ń kú lọ tì, wọn kò sì ní fetí sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ ọdún 33 ni Cicely nígbà tó tún padà jókòó sí kíláàsì ní 1951, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò rọrùn fún un rárá. Bàbá rẹ̀ ló san owó ẹ̀kọ́ náà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀nà tó là fún un kò là fún ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n owó kò lè bá ènìyàn jókòó ìdánwò. Ní 1957, ó yege, ó di dókítà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni wọ́n ṣí UCH ní Oríta Mẹ́fà. Ṣáájú ìgbà náà, Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ìbàdàn ti ń lọ parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú wọ́ọ̀dù. Ìlú méjèèjì ń kọ́ àwọn dókítà tuntun bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́gun àrùn. Kò sí èyí tó ń kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí àrùn bá ṣẹ́gun.

Ní 1958, wọ́n fún dókítà tuntun náà ní àyè láti ṣe ìwádìí nípa ìrora, ó sì gbé iṣẹ́ náà lọ sí St Joseph's Hospice ní Hackney, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì láti Ireland ló ń ṣe ìtọ́jú ilé náà, ọ̀pọ̀ tálákà àdúgbò ló sì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní àánú, wọ́n sì mọ ìtọ́jú ṣe, ṣùgbọ́n ìmọ̀ oògùn ìrora kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún méje ni Cicely lò níbẹ̀. A lè sọ pé ibẹ̀ gan-an ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, àwọn aláìsàn sì ni olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń kọ́ ọ. Yóò fa àga, yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ojú rẹ̀ àti ti aláìsàn lè dọ́gba. Yóò bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, bó ṣe ń dùn ún, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó máa ń mú un rọ̀. Yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí àwọn dókítà mìíràn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó ń jìyà fúnra wọn. Nígbà tí yóò fi kúrò níbẹ̀, àkọsílẹ̀ tó ní lọ́wọ́ ti lé ní ti 1,000 aláìsàn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ náà fi hàn lòdì sí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà nígbà náà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé aláìsàn tó bá ń mu mọfíìnì déédéé yóò di ẹrú oògùn, pé oògùn náà kò ní ràn án mọ́ tó bá yá. Cicely rí i pé fífi oògùn du aláìsàn gan-an ló ń sọ ọ́ di ẹni tí kò ronú ohun mìíràn ju oògùn lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé oògùn òun yóò dé kí ìrora tó dé, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì rí àyè ronú sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dà bí àtùpà: ẹni tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kó kú tán kó tó bu epo sí i. Ó fi yé wọn pé ẹnu ni kí wọ́n máa gbà fún un nígbà tí aláìsàn bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Pé wákàtí ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má dúró de ẹkún. Pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó. Kí wọ́n sì fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ tì í, nítorí mọfíìnì máa ń mú inú le.

Ṣùgbọ́n èyí tó ju ti mọfíìnì lọ ni ohun tó sọ nípa ìrora fúnra rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bó bá bi aláìsàn ibi tó ń dùn ún, ìdáhùn kì í dúró sí ara nìkan. Ó pè é ní àpapọ̀ ìrora: ti ara, ti ọkàn, ti àwùjọ àti ti ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ ká fi ojú Ìbàdàn wò ó. Bàbá kan lè dùbúlẹ̀ ní Agbowó kí àrùn wà nínú egungun rẹ̀, kí owó ilé tí onílé ń béèrè wà lọ́kàn rẹ̀, kí ìjà tó wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀ láti ogún ọdún wá máa jẹ ẹ́ nínú, kó sì tún máa rò ó pé bóyá ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá ni Ọlọ́run ń bi òun. Dókítà tó bá kàn ń fi kún mọfíìnì bàbá yìí yóò kàn ń fi kún un ni. Ó ní láti mọ ẹni tí yóò ránṣẹ́ pè: nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, pásítọ̀ tàbí àlùfáà, àti àbúrò náà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí kò fi jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan.

Òun náà mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fọ̀. Ní 1960, ó fẹ́ràn aláìsàn kan ní St Joseph's, Antoni Michniewicz, ọmọ Pólàńdì bíi Tasma. Ìfẹ́ náà kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, nínú wọ́ọ̀dù tí àwọn aláìsàn mìíràn wà. Ikú ọkùnrin náà dùn ún wọnú egungun. Kò pẹ́ sí i ni bàbá rẹ̀ náà kú. Láti inú ọ̀fọ̀ yìí ló ti rí i pé àwọn tó kù sílẹ̀ náà nílò ìtọ́jú, pé iṣẹ́ dókítà kò parí ní ọjọ́ tí wọ́n bá fa aṣọ bo aláìsàn lójú.

Láàárín ìgbà náà, ó ń kó owó jọ. Ó kọ lẹ́tà, ó bẹ àwọn olówó, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1963 láti rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kó sì sọ ti ara rẹ̀ fún wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1967, wọ́n ṣí St Christopher's Hospice ní Sydenham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ibùsùn 54 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi fèrèsé kan rántí David Tasma ní ẹnu ọ̀nà ilé náà. Wọ́n ti pe irú àwọn ilé báyìí ní hospice tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n èyí ni àkọ́kọ́ tó pa nǹkan mẹ́ta pọ̀: ìtọ́jú aláìsàn, ìwádìí, àti kíkọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Ní 1969, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá aláìsàn nílé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ kú síbòmíràn yàtọ̀ sí orí ibùsùn ara wọn.

Báyìí ni àwọn dókítà ọ̀dọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Robert Twycross dé ní 1971, ó fi ọdún mélòó kan ṣe ìwádìí lórí mọfíìnì, ó sì fi ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro gbe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti fojú rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Balfour Mount, oníṣẹ́ abẹ láti Montreal ní Kánádà, wá ní 1973. Nígbà tó padà délé tó fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ó rí i pé ilé àwọn aláìní ni ọ̀rọ̀ náà hospice túmọ̀ sí létí àwọn tó ń sọ Faransé. Ló bá mú orúkọ mìíràn, palliative care, èyí tí a lè pè ní ìtọ́jú ìrọ̀rùn. Orúkọ méjèèjì ló padà wá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka tó wà ní UCH lónìí. Ní 1987, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìmọ̀ ìṣègùn tó dá dúró ni iṣẹ́ yìí, tí dókítà kékeré lè fi ọdún púpọ̀ kọ́ títí yóò fi di ọ̀gá nínú rẹ̀.

Kì í ṣe áńgẹ́lì ni Cicely. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé ó le, pé kì í tètè gbà fún ẹlòmíràn, pé ẹni tí kò bá múra sí iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Títí ó fi kú ló tako àwọn tó ń fẹ́ kí òfin fún dókítà láyè láti fi oògùn pa aláìsàn tó bá bẹ̀bẹ̀ fún un. Èrò rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá mú ìrora kúrò, tí ẹni náà sì mọ̀ pé òun kò di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀bẹ̀ náà yóò dákẹ́. Àwọn kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán ní ilẹ̀ òyìnbó.

Ọlá padà wá bá a. Wọ́n fi í jẹ oyè Dame ní 1979, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Templeton ní 1981, Ọbabìnrin sì fi í sínú ẹgbẹ́ Order of Merit ní 1989. Ní 1980, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 61, ó fẹ́ Marian Bohusz-Szyszko, ayàwòrán, ọmọ Pólàńdì kẹta tó fẹ́ràn ní ayé rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní ọdún 75. St Christopher's ni ọkọ rẹ̀ kú sí ní 1995. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2005, jẹjẹrẹ ọmú pa òun náà nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ẹni ọdún 87 ni. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ló tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kú ni iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá òkun. Wọ́n dá Island Hospice sílẹ̀ ní Harare ní 1979. Nairobi tẹ̀ lé e ní 1990. Ní 1993, Anne Merriman, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nàìjíríà níbí, dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Kampala, ní Ùgáńdà. Ó fi han àwọn ará Áfíríkà pé wọ́n lè po ìyẹ̀fun mọfíìnì mọ́ omi, kí oògùn náà má sì wọ́n ju agbára tálákà lọ. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, ọ̀gá nínú àwọn dókítà tó ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun ní UCH, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá Centre for Palliative Care, Nigeria, sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka hospice àti ìtọ́jú ìrọ̀rùn fìdí múlẹ̀ nínú UCH, níbi tí àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ti ń kọ́ iṣẹ́ náà pọ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé aláìsàn dé ilé.

Ohun tí dókítà kékeré ń kọ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí Cicely kọ́ ní Hackney, àfi pé àwa ní ìṣòro tiwa. Jẹjẹrẹ ti máa ń gbilẹ̀ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, nítorí owó, nítorí ìbẹ̀rù, tàbí nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ yípo ibi púpọ̀. Àwọn ẹbí máa ń bẹ dókítà pé kó má sọ orúkọ àrùn náà létí ìyá àwọn, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ti mọ̀ tipẹ́, ńṣe lòun náà ń díbọ́n nítorí àwọn ọmọ. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí Màmá fẹ́ mọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Oògùn náà kò tíì dé ibi gbogbo, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò sì tíì tó nǹkan bí a bá wo bí orílẹ̀-èdè yìí ṣe tóbi tó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tí wọ́n ń gbé lọ sí Challenge. Bí dókítà tó dá a sílẹ̀ bá ti kọ́ ohun tí Cicely Saunders fi sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ yóò gbà, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, Ring Road, kòtò ibẹ̀ kò sì ní dín. Ṣùgbọ́n ìgò mọfíìnì olómi yóò wà nínú àpò ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọn yóò ti kọ wákàtí tí yóò máa fún un sára ìgò náà, yóò sì ti mu ti àárọ̀ kó tó wọkọ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni tí wọn yóò pè lóru yóò wà lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò sì ti mọ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò kanlẹ̀kùn. Ìyá náà ń lọ sílé láti lọ kú, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ń bi ọmọ rẹ̀ bóyá wọ́n ti ra ata tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ alẹ́.